Wọ́n ní kí n dín ẹran kù, ta ni yóò bá mi sọ fún ìyá olóúnjẹ?

Baba Barakat:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Ẹni ọdún 48 ni mí, páàtì mọ́tò ni mò ń tà n'Íbàdàn. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ní nǹkan bí aago méjì òru, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí ẹni pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wú, ó pọ́n, ó ń dán. Ìyàwó mi fẹ́ fi aṣọ bò mí, etí aṣọ lásán ló kàn án, mo figbe ta. Ìyá mi ní mo ti tẹ nǹkan.

Ọsibítù la gbà lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, uric acid mi jẹ́ 9.2, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà ní gout ni, àrùn oríkèé. Ó bi mí bóyá mo ń mu bíà, mo ní n kò fẹnu kàn án rí. Ó wá ní kí n ka ohun tí mo jẹ lánàá fún òun. Kí n tó kà á tán, ó ti gbé bírò sílẹ̀.

Àmàlà ni mò ń jẹ lójoojúmọ́ lọ́sàn-án, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ṣàkì, fùkù, abọ́dí, ẹ̀dọ̀, ẹran gidi méjì. N kì í tilẹ̀ bèèrè mọ́. Bí ìyá olóúnjẹ bá ti rí mi lókèèrè, á ké pé, "Alájì mi ti dé, ẹ gbé abọ́ ńlá wá!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á yíjú. Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Báwo lèèyàn ṣe ń dín ẹran kù tí wọn ò fi ní sọ pé ọjà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́? Kí ni mo sì máa jẹ?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Nǹkan kan wà nínú oúnjẹ tó ń jẹ́ purine. Bí ara bá lò ó tán, ìdọ̀tí tó ń kù ni uric acid, kídìnrín ló sì ń bá wa tọ̀ ọ́ dànù. Tó bá pọ̀ ju agbára kídìnrín lọ, á máa dì sínú oríkèé bí abẹ́rẹ́ wínníwínní. Ibi tó bá tutù ló ti ń tètè dì, ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fi sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Inú ẹran ni purine pọ̀ sí jù: ẹ̀dọ̀, kídìnrín, fùkù. Ẹ ti kó èyí tó pọ̀ nínú wọn sínú abọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má sì sá fún ẹran kí ẹ lọ bọ́ sọ́wọ́ ṣàwá àti sadíìnì o, tiwọn náà pọ̀. Mínírà tó dùn ńkọ́? Ẹ dín in kù, ó ń gbé e sókè. Gbẹ̀gìrì yín kò ṣẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀wà kì í fa wàhálà bí ẹran. Bí dókítà bá kọ oògùn, ẹ lò ó, torí oúnjẹ nìkan kì í sábà gbé e wálẹ̀ tó.

Ọlọ́mọ Ọba:
Ẹ wá àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́. Ọtí wà lára ohun tó ń fà á.

Alápatà Tòótọ́:
Ẹ fẹ́ kí ebi pa àwa náà ni? Bàbá mi jẹ ẹran títí ó fi lé ní 90 ọdún.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá yín tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó jẹ́ pé àyàfi tí ọdún bá dé tàbí tí pàkúté bá mú ni ẹran ń wọ ìkòkò wọn? Nílé tiwa, ẹran ọmọdé kò ju èékánná lọ. Bí o bá bèèrè òmíràn, wọ́n á ní wàá di olè. Ìgbà tí àwa náà wá rówó, a ń gbẹ̀san lára màlúù.

Alápatà Tòótọ́:
Ẹ ti mú mi. Àwọn tó ń ra ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ mi jù, méjì nínú wọn ti ń tiro.

Ọmọ Èkìtì ní Peckham:
Níbí ní London, NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní kí ẹni tó bá ń jẹ ju gíráàmù 90 lójúmọ́ lọ dín in kù sí 70: màlúù, àgbò, ẹlẹ́dẹ̀, títí kan sọ́séèjì. Mo gbé 70 sórí ìwọ̀n, àfi bí ẹran tí wọ́n ń bù fún ọmọ ìyàwó! Olú (mushroom) ló yọ mí. Mo fà á ya, mo fi irú àti ata rò ó mọ́ ẹ̀fọ́. Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán kó tó bèèrè pé ẹran kí nìyẹn.

Ìyá Olóúnjẹ Mọ́níyà:
Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara wa. Èrè wa ò sí lára àmàlà, ara ẹran ló wà. Ìdí tí mo fi ń ké "Alájì mi" nìyẹn. Kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀, torí tí síbí bá ti wọ ìkòkò ẹran, ó parí. Ẹ ní pọ̀nmọ́ kan àti wàrà méjì. Kí pọ̀nmọ́ yẹn jẹ́ funfun o, ẹ má jẹ èyí tí wọ́n fi táyà sun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Mo gbàgbé omi ẹran. Bí ẹ bá bọ ẹran, púpọ̀ nínú purine yẹn ń bọ́ sínú omi rẹ̀. Ẹni tó yọ ẹran, tó wá fi omi ẹ̀ se ọbẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Baba Barakat:
Ẹ ṣeun. Mo dán an wò lónìí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Pọ̀nmọ́ kan, wàrà méjì." Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan. Mo bọ́ bàtà, mo na àtàǹpàkò sí wọn. Wọ́n ní, "Háà! Ọkọ mi náà ní irú ẹ̀." Owó tí mo san kò tó ìdajì ti àná.

Ọ̀rọ̀ omi ẹran ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ìyàwó mi ní òun ò ní í da omi ẹran nù láéláé, àwọn ọmọ á fi jẹ ìrẹsì. Ó wá lọ wú ìkòkò kékeré tí a fi ń po ògì fún àbíkẹ́yìn wa jáde lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọ̀ ọ́, ó ní ìkòkò tèmi nìyẹn.