Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí: ọtí tí àna mi ń bù fún mi kò ṣeé mu

Bàbá Ìyàwó, Louisville
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Àkọ́bí mi obìnrin ti rí ẹni tí yóò fẹ́, ọmọ òyìnbó ará Bardstown ní Kentucky níbí. Mi ò bá a jà. Ìyá ọmọ mi ló kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà mọ̀wàhù, ó ti kọ́ ìdọ̀bálẹ̀, a ti gbà. Àwọn ẹbí kan ní Ìbàdàn ni wọn ò jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ní mo ti gbé ọmọ fún àjèjì. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá ọkọ ìyàwó ló pè wá sílé. Ẹni iyì ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ilé tí wọ́n ń to àgbá ọtí sí ló ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Ó mú mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó sì gbé ìgò bourbon kan, irú wísìkí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó bù ú fún mi. Èmi náà ò fẹ́ tẹ́, mo dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ará, iná ni! Omi ń dà lójú mi, mo wúkọ́ títí àyà fi ń dùn mí. Bàbá yẹn kàn ń wò mí. Ó tún bu òmíràn, mo tún gbé e mì. Gbogbo rẹ̀ ṣojú ìyàwó mi.

Nígbà tá a ń lọ, ó gbé ìyókù ìgò náà lé mi lọ́wọ́. Mo ti tún dán an wò nílé lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Ó sì ti pè mí fún ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ṣé gbogbo bourbon ló rí báyìí ni? Báwo làwọn èèyàn ṣe ń gbádùn rẹ̀? Mi ò fẹ́ di ọ̀mùtí o. Mo kàn fẹ́ lè bá àna mi jókòó láìtẹ́.

Ọmọ Èkìtì
Ẹ kú oríire, sà. Ẹ da Coke sí i, ẹ fi yìnyín kún un, ó parí. Bí mo ṣe ń mu tèmi ní Manchester nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ọmọ Èkìtì, kí bàbá ìyàwó da Coke sínú ọtí tí ẹni tó fi 30 ọdún ṣọ́ àgbá gbé kalẹ̀ fún un? Nílé tìẹ, ṣe bó o ṣe fẹ́. Níwájú àna, rárá.

Bàbá, ẹ kú oríire. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, 11 ọdún rèé tí mo ti ń bu ọtí ní báà. Mi ò lè sọ nǹkan kan láìgbọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí: nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti kọ "proof" lára ìgò yẹn? Irú gíláàsì wo ni wọ́n fi bù ú? Ṣé ẹ ti jẹun kẹ́ ẹ tó mu ún?

Akọrin Ìjọ
Bàbá, ẹ máa bínú sí mi. Ẹni tó ń múra àtifi ọmọ fọ́kọ, àdúrà ló yẹ kó máa gbà, kì í ṣe kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ọtí líle. Ẹ sọ fún àna yín pé ẹ kì í mu. Òyìnbó máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tí kò yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ọtí ló gba ilé lọ́wọ́ bàbá tó bí mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìyá Ìbejì
Akọrin, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tu yín nínú. Àmọ́ ìbéèrè kọ́ nìyẹn.

Bàbá, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ bourbon ni pé ọmọ àgbàdo ni. Òfin Amẹ́ríkà ni pé, ó kéré tán, ìdá 51 nínú 100 ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń tà nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á fi ewé bò ó títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá sè é. Èmi ni mo máa ń lé adìyẹ níbi tí wọ́n bá sá a sí. Àwọn tó ń ṣe bourbon náà ń lo ọkà tó hù, ọkà báálì ni tiwọn, òun ló ń sọ gbogbo ìyókù di dídùn kó tó kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n á tún fi iná fa ọtí náà bí a ṣe ń fa ògógóró, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àgbá.

Ẹ fi sọ́kàn pé àgbàdo lẹ fẹ́ tọ́ wò, ẹ ó rí i pé ó ní adùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ ra Jack Daniel's, sà. Òun ni bourbon tó dáa jù, kì í jó ọ̀fun.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Jack Daniel's kò pe ara rẹ̀ ní bourbon. Wísìkí Tennessee ni. Kó tó wọ àgbá, wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ ẹ gba inú èédú igi maple.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, àgbá igi óákù tuntun ni wọ́n rọ ọ́ sí. Kí ló kù? Ṣé torí kò wá láti Kentucky ni?

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ti Kentucky kọ́. Ibikíbi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lè ṣe bourbon, Kentucky kàn ń ṣe èyí tó pọ̀ jù ni. Mo ní wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lára ìgò wọn. Mi ò ní kò dáa.

Ìyá Ìbejì
Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí Nearest Green. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú lẹ́rú ni, òun ló kọ́ Jack Daniel ní bí wọ́n ṣe ń fa ọtí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi dárúkọ rẹ̀. Inú mi máa ń bà jẹ́ tí mo bá rántí.

Bàbá Ìyàwó, Louisville
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Akọrin, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún àna mi pé mi ò kì í mu. Mò ń mu bíà mi. Ní ilẹ̀ wa, bí àna bá bu ọtí fún ọ, o ò ní kọ̀ ọ́, o ò sì ní fi omi là á bí ẹni pé ohun tó fún ọ kò dára tó. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìdí tí mo fi gbé e mì nìyẹn. Ọtí Coke kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ọmọ Èkìtì.

Ẹ̀gbọ́n Chicago, mi ò tíì jẹun. Oúnjẹ wọn pẹ́. Gíláàsì yẹn kéré, ìdí rẹ̀ yọ ikùn, ẹnu rẹ̀ fún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ kú ilé, sà. Ìbéèrè méjì péré. Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan? Ta ló sì wa ọkọ̀ padà sí Louisville lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Ọmọ Èkìtì
Nọ́ọ̀sì ti dé o. Bàbá, gíláàsì wísìkí gidi nìyẹn, wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín. Àna yín kò fojú kékeré wò yín.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Bàbá, ẹ ò tíì sọ nọ́ńbà ara ìgò fún mi o.

Bàbá Ìyàwó, Louisville
Nọ́ọ̀sì, mi ò lo oògùn kankan, dókítà yẹ̀ mí wò lóṣù tó kọjá.

Mo ti lọ wo ìgò náà. Wọ́n kọ "single barrel", wọ́n kọ "barrel proof", nọ́ńbà ibẹ̀ ni 131.4. Mo rò pé nọ́ńbà àgbá ni. Ìyàwó mi tún rán mi létí nǹkan kan: àwo omi kékeré kan wà lórí tábìlì láàárín wa, ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu sì wà nínú rẹ̀. Ó ní bàbá náà tì í sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i, mo rò pé tirẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Háà, Bàbá! Ọ̀rọ̀ ti yí padà.

"Single barrel" ni pé inú àgbá kan ṣoṣo ni wọ́n ti bù ú. 131.4 yẹn ni agbára ọtí náà. Ẹ pín in sí méjì, ìdá 65.7 nínú 100 ìgò yẹn ló jẹ́ ọtí pọ́ńbélé. Bourbon tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu, ó máa ń wà láàárín 40 sí 50. Ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀ rèé: bourbon kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 62.5 lọ nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sínú àgbá. Àmọ́ ilé àgbá ní Kentucky máa ń gbóná gan-an lákòókò ooru, pàápàá lájà òkè. Ọtí á wọnú igi, á tún jáde, omi inú rẹ̀ á sì máa fẹ́ lọ ju ọtí lọ. Lọ́dọọdún ló ń dín kù nínú àgbá, ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pe èyí tó lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á wá le sí i. Wọ́n sábà máa ń bu omi là á kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Tiyín, wọn ò là á rárá, ohun tí "barrel proof" túmọ̀ sí nìyẹn, torí kí ẹni tó ni ín lè là á bó ṣe fẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ omi orí tábìlì yẹn nìyẹn.

Bàbá tó ṣiṣẹ́ nílé àgbá fún 30 ọdún, tó wá gbé irú ìgò yẹn fún yín, ohun tó ń fi hàn yín ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò dán yín wò rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ṣé omi ò ní bà á jẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Kò ní bà á jẹ́. Ó máa ń ṣí òórùn rẹ̀ ni. Bàbá, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lálẹ́ òní nìyí, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má fọ eyín kẹ́ ẹ tó mu ún, ọṣẹ eyín á ba ẹnu yín jẹ́. Ẹ bu díẹ̀, ìdajì èyí tí àna yín bù. Ẹ jẹ́ kó dúró níwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbóòórùn rẹ̀, ẹ má kì imú bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sí i, ṣíbí ọbẹ̀ kan sí bí áúnsì ọtí kan. Ìyẹn á mú un wálẹ̀ sí bí ìdá 44. Ẹ mu tíńtín péré, ẹ yí i ká gbogbo ẹnu bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ má ka ti àkọ́kọ́ sí, ẹnu ló ń jí. Ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdájọ́.

Tó bá ṣì le, ẹ gbé ìgò yẹn tì, ẹ ra Maker's Mark tàbí Buffalo Trace, ìdá 45 làwọn méjèèjì. Àlìkámà ni Maker's Mark fi rọ́pò ọkà rye, kì í ta lẹ́nu bíi ti àwọn tó ní rye púpọ̀.

Akọrin Ìjọ
Ẹ ti wá ń kọ́ àgbàlagbà ní ọtí mímu báyìí.

Ìyá Ìbejì
À ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mu díẹ̀ ni, Akọrin. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò kì í mu púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Sà, ẹ dárí jì mí, mi ò ní dákẹ́. Pẹ̀lú agbára tẹ́ ẹ sọ yìí, tó bá jẹ́ áúnsì méjì ni àna yín ń bù, gíláàsì kan ju ìwọ̀n ọtí méjì lọ bí a ṣe ń kà á nílé ìwòsàn. Ẹ mu méjì. Ìwọ̀n mẹ́rin lé nìyẹn, pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ta ló wa ọkọ̀?

Bàbá Ìyàwó, Louisville
Èmi ni mo wà á. Ojú mi mọ́, mo rọra ń lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Bàbá. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ojú àwọn mọ́.

Ìyá Ìbejì
Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìgbéyàwó ń bọ̀ lọ́nà. A fẹ́ rí yín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Ọmọ Èkìtì
Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mo fi yín ṣẹ̀rín lókè. Òótọ́ lẹ sọ.

Bàbá Ìyàwó, Louisville *(ọjọ́ Ajé)*
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Mi ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn torí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì dùn mí. Ìyàwó mi ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Láná, òun ló wa ọkọ̀ lọ, òun ló wà á bọ̀.

Mo jẹun kí n tó kúrò nílé. Nígbà tí bàbá náà bù ú, mo fa àwo omi yẹn mọ́ra, mo kán an sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ rí ojú rẹ̀! Ó ní láti ọjọ́ Sátidé yẹn lòun ti ń ronú pé bóyá òun ti ṣẹ̀ mí, torí òun ò rí ẹni tó gbé irú ọtí yẹn mì bẹ́ẹ̀ rí àfi ẹni tó ń bínú. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè sí oòrùn kí n wo àwọ̀ rẹ̀, ó pọ́n bí oyin ìgàn. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ kankan sí i, inú àgbá tí wọ́n fi iná sun ló ti mú gbogbo rẹ̀. Ó mú ègé igi àgbá kan wá láti inú ilé, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n tó gbóòórùn ti gíláàsì. Ọ̀kan náà ni! Mo gbóòórùn ẹ̀pà yíyan, mo gbóòórùn ṣúgà tó jóná díẹ̀. Lẹ́yìn tó kọjá ọ̀fun, ó kàn móoru láyà mi ni. Wákàtí méjì la fi jókòó, gíláàsì kan péré ni mo mu.

Mo bu orógbó fún un. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fún pọ̀. Ó mu bourbon lé e, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá bi mí bóyá ó ṣẹ́ kù.