Fífi Python (èdè tí a fi ń kọ kóòdù) ṣẹ̀dá lẹ́tà tuntun fún Yorùbá: kí ni a lè ṣe kí àwọn àmì má baà jọra wọn jù?

ỌmọÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Lẹ́tà tuntun kan la fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìwé kíkà, kí wọ́n lè máa fi kọ Yorùbá. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pèsè àmì, kí àwa wá máa ṣà nínú rẹ̀. Kóòdù tó wà nílẹ̀ ń to tóótó mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró, ó sì ń fa ìlà mẹ́ta láàárín wọn bó ṣe wù ú. Àmì ń jáde bí omi, àmọ́ a há síbì kan.

Àwọn àmì náà jọra jù. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹnì kejì rẹ̀ tó dorí kodò ni. A ò sì tíì mọ iye tí a nílò gan-an: ṣé 25 bíi ti álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ti Nàìjíríà, àbí kí sílébù kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀? Nígbà tí a kó àwọn SVG (fáìlì àwòrán onílà) wọnú FontForge (ètò tó ń ṣe fọ́ńtì), àwọn lẹ́tà kan di dúdú látòkè délẹ̀, Windows sì ń gé àmì ohùn lórí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

ỌmọAlákétu (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ iye àmì ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí ìró èdè ló ń sọ iye àmì tí a ó wá.

Tí sílébù kọ̀ọ̀kan bá ní àmì tirẹ̀, kọ́ńsónáǹtì 18 lọ́nà fáwẹ̀lì 7 ti di 126. Ẹ fi ohùn mẹ́ta kún un, ó di 378, a ò sì tíì fọwọ́ kan fáwẹ̀lì àránmú. Àwọn Vai ní Làìbéríà ń kọ èdè wọn ní sílébù-sílébù láti nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, ó sì ń bá wọn lọ dáadáa, àmọ́ àmì wọn kì í fi ohùn hàn. Yorùbá tí kò ní ohùn á sọ òǹkàwé di aláfọ̀ṣẹ. Nítorí náà, kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ̀lì 7, àti àmì kan fún n tó dá sílébù ní: 26 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, àmì kékeré mẹ́ta tó máa jókòó lórí wọn: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, àti àránmú. Ohùn àárín kò nílò àmì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 29. Gb gbọ́dọ̀ ní àmì kan ṣoṣo, kp (ìyẹn p) náà bẹ́ẹ̀, sh (ìyẹn ṣ) náà bẹ́ẹ̀. Ìró kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lẹ́tà Látìnì ló mú wọn di méjì.

Ó wá kan àwọn tóótó yín. Lórí tóótó 3 × 3, tí ìlà bá ń so kìkì àwọn tó fara kan ara wọn ní ìbú, ní òró tàbí ní dágbá (láti igun sí igun), ìlà 20 ló wà. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mú mẹ́ta nínú 20 jẹ́ 1,140. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àbí? 364 péré nínú wọn ni ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so mọ́ra lórí tóótó. Àwọn yòókù já sí wẹ́wẹ́, ọwọ́ kò sì ní fẹ́ kọ wọ́n. Tí ẹ bá tún sọ pé àmì méjì kò gbọ́dọ̀ pín ju ìlà kan lọ, díẹ̀ ló kù. Méjì-méjì ìlà tó fara kan ara wọn jẹ́ 80 lórí tóótó yìí, àmì kọ̀ọ̀kan sì ń gba méjì ó kéré tán nínú wọn, kò sì sí àmì míì tó tún lè lò wọ́n. Ẹ ò lè rí ju 40 lọ láéláé, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sáré di ọ̀la. Ẹ wá yọ àwọn tó jẹ́ pé ìyíkiri ara wọn ni, ibi tí yóò kù sí kò ní fẹ́ tó 26 tí ẹ ń wá. Ìdí tí àmì yín fi ń jọra nìyẹn: pápá náà ló kéré.

Ẹ lọ sí 3 × 4. Ìlà di 29, mẹ́ta-mẹ́ta nínú wọn di 3,654. Ẹ jẹ́ kí àwọn àmì kan ní ìlà méjì, kí àwọn kan ní mẹ́ta, díẹ̀ mẹ́rin. Asẹ́ tí ẹ máa fi yọ wọ́n ló ṣe pàtàkì ju kóòdù tó ń fa ìlà lọ:

```
import random
from itertools import combinations
random.seed(16)
gbogbo = [frozenset(c) for n in (2, 3, 4)
          for c in combinations(ila, n)]
random.shuffle(gbogbo)
mu = []
for a in gbogbo:
    if not somora(a): continue
    if any(len(y & b) / len(y | b) >= 0.5
           for b in mu for y in yipo(a)): continue
    mu.append(a)
```

`ila` ni àkójọ ìlà 29 yẹn. Kóòdù ń ju àmì tó bá jọ èyí tí a ti mú nù. `somora` ń wò ó bóyá àmì já. `yipo` ń dá a padà ní ọ̀nà mẹ́rin: bó ṣe wà, bó ṣe rí nínú dígí, bó ṣe dorí kodò, àti méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọdé máa ń ṣi b àti d mú, ẹ má ṣe tún dá ìyọnu yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ara yín. Ẹ má fo `shuffle`, tó ń po àwọn àmì pọ̀. Láìsí i, kóòdù á máa mú àwọn ìlà igun kan ṣáá, gbogbo àmì á rọ́ jọ sápá òsì. Ẹ sì kọ nọ́ńbà `seed` yẹn sílẹ̀, torí tó bá sọ nù, ẹ ò ní rí àwọn àmì kan náà mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń fara sin: ìlà dágbá méjì tó kọjá ara wọn láàárín bíi X kò pàdé ní tóótó kankan. Ojú yóò rí i pé wọ́n so, `somora` á ní wọ́n já. Ẹ yan ọ̀kan, pé wọ́n so tàbí pé wọ́n já, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú kóòdù.

Nígbà tí ẹ bá ń pín àmì fún ìró, ẹ fi `Counter`, ohun ìkàye inú Python, ka ìró inú ìwé Yorùbá tó gùn, kí ẹ fún àwọn tó wọ́pọ̀ jù ní àmì onílà méjì. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé yóò dúpẹ́. Àwọn tó wádìí lẹ́tà Vai rí i pé bí ọdún ti ń lọ ni àwọn àmì tó díjú ń rọrùn sí i lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, nítorí náà kò sí èrè nínú kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó lọ́jú pọ̀.

Ìlà_àti_Yíǹkì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀gbọ́n ti tú kókó náà. Ti fọ́ńtì ni màá sọ.

Lẹ́tà tó di dúdú: SVG yín ní ìlà lásán tí kò ní ìbú, FontForge sì ń wo igun mẹ́ta tó pàdé bí ohun tí a kùn ní inú. Ẹ fi SVG sílẹ̀. Ẹ ti inú Python pe `fontforge`, kí ẹ lo `glyphPen` láti fa ìlà náà tààrà: `moveTo`, `lineTo`, `endPath`. Lẹ́yìn rẹ̀ ni `stroke`, tó ń sọ ìlà di ohun tó ní ìbú, lẹ́yìn náà `removeOverlap`, `correctDirection`, kí ẹ fi `round` parí. Ẹ má yí ètò yìí padà. Tí `correctDirection` bá ṣáájú `removeOverlap`, ihò inú lẹ́tà lè di kíkùn padà.

Ìwọ̀n: ẹ fi em, ìyẹn ìwọ̀n àpótí lẹ́tà, sí 1000. Òpó tóótó mẹ́ta ní x = 100, 300, 500; ìpele mẹ́rin ní y = 0, 240, 480, 720; ìbú lẹ́tà 600. Ìlà tó nípọn 70 dára. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 50, ẹ̀rọ fótókópì á jẹ ẹ́ níbi tí lẹ́tà bá ti kéré. Tó bá kọjá 110, àyè tó kù láàárín òpó méjì ò tó 90, igun tó mú ṣóńṣó á sì dí pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n 9 àti 12 kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ sì fi bíìkì kọ ọ́ yára-yára. Àmì tó dára lójú kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ kò lè kọ ò tíì di lẹ́tà.

Àmì ohùn tí Windows ń gé: `os2_winascent`, ìyẹn gíga tí Windows ń fún lẹ́tà, ló kéré. Ẹ sọ `os2_winascent_add` àti `hhea_ascent_add` di `False`, kí ẹ fi `os2_winascent` àti `hhea_ascent` sí 1000. Tí àmì ohùn bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, ẹ ò tíì sọ fún fọ́ńtì pé àmì ni: ẹ sọ `glyphclass` rẹ̀ di `mark`, ìbú rẹ̀ di 0, kí ẹ wá fi `addAnchorPoint` kan ìṣó sí ara méjèèjì, ti lẹ́tà ní (300, 790), ti ohùn ní ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́tà tó gba àránmú àti ohùn pọ̀ nílò ìṣó méjì. Ẹ fi àránmú sísàlẹ̀ ní (300, -60), wọn ò ní bára wọn jà.

Níbo ni kí ẹ fi wọ́n sí? Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo ní nọ́ńbà, fi U+E000 dé U+F8FF sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bí àyè àdáni, àyè 6,400. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní E000, kí ẹ yẹra fún agbègbè F000, torí fọ́ńtì àwòrán kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, F8FF sì ni Apple fi àmì ilé iṣẹ́ wọn sí. Ẹ kọ ọ́ láti òsì sí ọ̀tún. Àyè yìí kò mọ̀ pé ìkọ̀wé kan lè ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn á sì dojú rú. Orúkọ inú tí fọ́ńtì ń jẹ́, ìyẹn `fontname`, kò gbà tóótó àti ohùn: ẹ kọ ọ́ ní a-b-d lásán, láìsí àyè láàárín.

ỌmọÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Igun mẹ́ta ló di dúdú lóòótọ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé ẹ̀rọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò lè mú àmì tó rẹwà ju ìlà gbọọrọ lọ jáde? Àti pé báwo ni ìwé Yorùbá tó ti wà yóò ṣe yí sí lẹ́tà tuntun, nígbà tí àwọn kan ń kọ ɛ bíi tiwa ní Benin, tí àwọn kan ń kọ ẹ bíi ti Nàìjíríà?

ỌmọAlákétu (Kétu)

Ó lè mú un jáde, àmọ́ ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. Bí ẹ bá bi í ní lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, oríṣi méjì ló máa yà. Ẹ lo èyí tó ń kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń fa ìlà. Omniglot ni àkójọ tó wúlò jù: lẹ́tà 1,623 láti inú álífábẹ́ẹ̀tì 50, N'Ko ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn, èèyàn 20 ló kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ipa ọwọ́ wọn sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àwòrán. Olùwádìí kan, David Ha, lo ọ̀nà yìí ní 2015 láti fi mú àwọn lẹ́tà Ṣáínà tí kò sí rí jáde. Ẹ̀rọ náà ń gba ìgbésẹ̀ ní nọ́ńbà: ó sún sí ọ̀tún tó báyìí, ó sún sókè tó báyìí, bíìkì gbéra tàbí kò gbéra.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní `temperature` ni ẹ máa yí. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ á máa ka ohun tó kọ́ padà fún yín. Tó bá ga, ó di ìkọkúkọ. Ẹ gbìyànjú 0.4 dé 0.7. Ẹ má fi àmì 26 tiyín nìkan kọ́ ọ, àkọ́sórí ló máa ṣe. Ẹ sì fi ohun tó bá mú wá wé gbogbo 1,623 yẹn, àti àwọn lẹ́tà Odùduwà tí Olóyè Tolúlàṣẹ Ògúntósìn gbé jáde, kí ẹ ju èyí tó bá jọ nù. Ti ẹlòmíì ni. Lójú tèmi, ẹ fi asẹ́ yan egungun àmì, kí ẹ lo ẹ̀rọ fún títẹ àwọn ìlà rẹ̀ kí ó lè rí bí ìkọ̀wé ọwọ́.

Ìlà_àti_Yíǹkì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ti yíyí ìwé padà: ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ìwé di NFD, ìyẹn lẹ́tà àti àmì rẹ̀ tí a tú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú `unicodedata.normalize`. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà tẹ lẹ́tà ‘ẹ́’, ojú á rí wọn bákan náà, kọ̀ǹpútà kò ní gbà pé ọ̀kan ni wọ́n. Lẹ́yìn NFD, gbogbo wọn di e, U+0323, U+0301. Àwọn kan ń fi igi kékeré U+0329 dípò tóótó, ẹ sọ ọ́ di U+0323. Lẹ́yìn náà, ɛ di ẹ, ɔ di ọ, sh di ṣ, kp di p. Ẹ má bẹ̀rù g àti b tó tẹ̀lé ara wọn: kọ́ńsónáǹtì méjì kì í dì pọ̀ ní Yorùbá, ìró kan ṣoṣo ni gb níbi gbogbo. Ẹ ṣáà jẹ́ kí kóòdù wá gb kó tó wá g.

N ló ń fa wàhálà. Tí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e, kọ́ńsónáǹtì ni, bíi ti ọ̀nà. Tó bá gbé ohùn lórí, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì kò tẹ̀lé e, sílébù ni, bíi ti ńlá àti nǹkan. Tó bá wà lẹ́yìn fáwẹ̀lì láìsí ohùn, tí fáwẹ̀lì kò sì tẹ̀lé e, àránmú ni, bíi ti ọkàn. Ẹ tẹ̀ lé ètò yẹn bó ṣe wà.

Fún bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ lẹ́tà, Keyman (ètò tó ń ṣe é) ń gba àwọn àmì àyè àdáni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ dán an wò lórí AZERTY (bọ́tìnnì ti Faransé), torí ibẹ̀ ni a àti q ti pààrọ̀ ipò. Lórí WhatsApp, ẹni tí kò ní fọ́ńtì yín máa rí àpótí lásán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ bí PDF tí fọ́ńtì ti wà nínú rẹ̀, tàbí bí àwòrán.