Ìpara méjì, èwo ló léwu? Ẹ bá mi ka èròjà ẹ̀yìn ike yìí

Àdùkẹ́_Ọjúẹlẹ́gba:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa nǹkan ìpara. Wọ́n gbé ìpara méjì wá pé kí n máa tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Tẹ́júoṣó. Mi ò fẹ́ ta ohun tó máa ba awọ oníbàárà jẹ́.

Àkọ́kọ́, ìpara ara ni, kì í ṣe èyí tí a ń fọ̀ kúrò. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ nìyí, bó ṣe tẹ̀léra gẹ́lẹ́: Aqua, Paraffinum Liquidum, Glycerin, Cetearyl Alcohol, Niacinamide, Stearic Acid, Kojic Acid, Phenoxyethanol, Parfum, Methylparaben, Propylparaben, Methylisothiazolinone, Limonene, Linalool, CI 19140. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Mo fi áàpù kan yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Ó yọ pupa fún paraben méjèèjì, ó ní Cetearyl Alcohol àti Paraffinum náà ò dáa.

Èkejì, kíríìmù àpòpọ̀ láti Ìdúmọ̀tà ni, inú ike funfun olómorí. "Ọjọ́ méje" nìkan ni wọ́n fi bírò kọ sí ìdérí rẹ̀. Ẹni tó ń pò ó ní òun ò fi kẹ́míkà kankan sí i, pé òrí àti ewé ni. Ó kàn ní kí oníbàárà máa bọ́ òrùka àti ṣéènì kó tó fi para.

Ti àkọ́kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù nítorí pupa tí áàpù yẹn yọ. Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Apòògùn_Yábà:

Àǹtí, áàpù yẹn ń wo orúkọ nìkan. Orúkọ ò tó dá ẹjọ́. Ẹ máa bi ara yín pé mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé orí awọ ló máa jókòó sí ni àbí a máa ṣàn án dà nù, ta ló sì máa lò ó: àgbà, aboyún, ọmọ ọwọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "mélòó". Olùṣe kì í sábà kọ iye, àmọ́ bí wọ́n ṣe to èròjà ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó wúwo jù ló ń ṣíwájú, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àwọn tí kò tó 1%. Láti ibẹ̀ lọ, olùṣe lè tò wọ́n bó ṣe wù ú. Ẹ wá wo Phenoxyethanol, ohun tó ń pa kòkòrò kí ìpara má bàa bàjẹ́. Òfin Yúróòpù kò jẹ́ kó kọjá 1% nínú ìpara, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ níbi gbogbo ló sì ń rọ̀ mọ́ ìwọ̀n yẹn. Tí tiyín náà bá rọ̀ mọ́ ọn, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e kò lè kọjá 1%. Àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni a ò lè búra fún, ìyẹn Kojic Acid àti Stearic Acid. Wọ́n lè kéré, wọ́n lè pọ̀.

Paraben yín, tí àwọn náà ń pa kòkòrò, wà lẹ́yìn Phenoxyethanol. Ààlà Methylparaben ní Yúróòpù jẹ́ 0.4%, ti Propylparaben jẹ́ 0.14%. Fún àgbàlagbà, kò sí ohun tó ń lé wa níbẹ̀. Àwọn tí Yúróòpù lé kúrò pátápátá ní 2014 ni Isopropylparaben, Isobutylparaben, Phenylparaben, Benzylparaben àti Pentylparaben. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lára ike, ẹ dá a padà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìpara tó ní Propylparaben pa ìdí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta níbi tí dáyápà ń bò. Ìpara olómi tí kò ní ohun tó ń pa kòkòrò rárá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju paraben lọ, pàápàá nínú ooru Èkó.

Cetearyl Alcohol kì í ṣe ọtí. Ọ̀rá ni, ó ń jẹ́ kí ìpara ki, kí omi àti òróró má pínyà. Alcohol Denat. ni èyí tó ń gbẹ awọ. Paraffinum Liquidum tí wọ́n sẹ́ dáadáa kàn ń ká omi mọ́ inú awọ ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Methylisothiazolinone, òun náà ohun tó ń pa kòkòrò, gan-an ló yẹ kó yọ pupa. Láti 2017 ni Yúróòpù ti lé e kúrò nínú ìpara tí a kì í fọ̀ kúrò. Inú ọṣẹ àti ṣáńpù nìkan ni wọ́n fi í sí, níwọ̀n 0.0015%. Kì í ṣe májèlé tó ń wọnú kíndìnrín. Ohun tó ń ṣe ni pé ara lẹ́nìkan lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́, awọ á máa yún, á wú, á máa ṣomi. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbàgbé mọ́. Ṣáńpù, ọṣẹ ìfọbọ́, àní ọ̀dà ara ògiri tó ní in pàápàá yóò máa dá wàhálà sí ẹni náà lára.

Ẹ béèrè iye Kojic Acid, èyí tó ń mú ara mọ́, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. 1% ni Yúróòpù fi mọ, fún ojú àti ọwọ́ nìkan, tiyín sì jẹ́ ti gbogbo ara. Limonene àti Linalool wá láti inú òórùn dídùn. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọ̀ wọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni ara àwọn kan máa ń kọ̀ wọ́n, nítorí náà ẹ má to ìpara síwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ń pa á. CI 19140 jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, kò sí ìjà níbẹ̀.

Bọ̀dé_Òṣòdì:

Ẹ̀gbọ́n apòògùn, òfin Yúróòpù kì í ṣe òfin wa o. Kí ló dé tí a ó fi torí ẹ̀ dá ọjà padà?

Apòògùn_Yábà:

Awọ kò mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ wà. Wọ́n kíyè sí i ní Yúróòpù pé àwọn tí ara wọn ń kọ Methylisothiazolinone ń pọ̀ sí i kí wọ́n tó lé e, ara wa ò sì yàtọ̀ sí tiwọn lórí èyí. Ìpara mìíràn tó ní Phenoxyethanol láìní Methylisothiazolinone kún ọjà. Àǹtí kò nílò kó máa bá èyí jà.

Alápòpọ̀_Èbúté_Mẹ́ta:

Ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá. Ike kejì ni ọ̀rọ̀ wà.

Òrí àti ewé kì í ba òrùka jẹ́. Mákúrì ló ń lẹ̀ mọ́ wúrà àti fàdákà tó sì ń bà wọ́n jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ "bọ́ góòlù" fi máa ń wà lára ìpara oní-mákúrì. Kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti má gbé e sórí àtẹ. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike rárá, orúkọ tí ẹ máa rí ni Calomel, Mercurous Chloride, Mercuric Iodide, Ammoniated Mercury tàbí Mercurio. Àdéhùn Minamata ti 2013, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, kò fàyè gba ju mílígírámù 1 nínú kílò kan ìpara lọ. Ní 2023 wọ́n pinnu pé kí ààyè kékeré yẹn náà kúrò. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ó sì ń gba inú aṣọ ìnura, bẹ́ẹ̀dì àti ọwọ́ ìyá dé ara ọmọ tí kò fi ìpara kankan para rí.

Ẹ wá wo "ọjọ́ méje" yẹn. Ohun tó ń mú ara mọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, pàápàá Clobetasol Propionate. Òògùn ni, kì í ṣe nǹkan ẹwà. 0.05% ni ti ilé òògùn, ó sì wà lára àwọn tó lágbára jù. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀, ara á yára tàn, oníbàárà á yin ẹni tó pò ó. Tó bá yá, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn, ara á sán ní abíyá àti itan, irorẹ́ á bo ojú, egbò kò ní tètè jinná, títí kan ojú iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀kẹta tó lè wà níbẹ̀ ni Hydroquinone, kẹ́míkà tó ń bó ara. NAFDAC kò fẹ́ kó kọjá 2%. Ẹni tó ń fi ṣíbí bu lúbúlúbú rẹ̀ sínú korobá kò lè mọ̀ bóyá 2% ni àbí 8%, nítorí kò lo ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àpòpọ̀ kan fi ń dúdú lójú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí wọn. Tí wọ́n bá lò ó pẹ́ nínú oòrùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ojú lè yọ àbàwọ́n dúdú tó dà bí aró. Onítọ̀hún á rò pé ìpara ò tíì tó, á tún bu sí i, ohun tó fà á gan-an ló sì fi ń wò ó.

Kò sí ọgbọ́n ilé kankan tó lè dá wọn mọ̀. Imú, síbí, òrùka, iná, ìkankan nínú wọn kò ṣe é gbára lé. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́: ẹ̀rọ XRF fún mákúrì, HPLC fún Hydroquinone àti sítẹ́rọ́ọ̀dù.

Àdùkẹ́_Ọjúẹlẹ́gba:

Ha! Ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó kan ládùúgbò ti ń fi ike kejì yìí pa gbogbo ara láti bí oṣù mélòó kan, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Kí ni kó ṣe? Ẹni tó pò ó ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé "organic" ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí_Àràbà:

Kó dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, kó sì lọ rí dókítà awọ ní LUTH tàbí LASUTH láì fi falẹ̀, pẹ̀lú ike náà lọ́wọ́. Kó má kàn dáwọ́ dúró kó jókòó sílé. Tó bá jẹ́ pé sítẹ́rọ́ọ̀dù ló ti ń fi pa gbogbo ara, ara rẹ̀ lè ti dín irú sítẹ́rọ́ọ̀dù tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe kù. Tó bá wá ń rẹ̀ ẹ́ gidigidi, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń bì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Ojú náà lè pọ́n, kó máa ta á bí ata lẹ́yìn tó bá jáwọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sídìí ìpara. Dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa fi òògùn tó rọ̀ jù ú lọ já a kúrò díẹ̀díẹ̀.

Kí ó so ike náà sínú ọ̀rá méjì, kó dì í pa. Kó má sun ún o, mákúrì tó bá gbóná máa ń di èéfín, èéfín yẹn burú ju ìpara lọ. Aṣọ ìnura, aṣọ ọmọ àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, kó fọ gbogbo wọn. Kó béèrè fún àyẹ̀wò mákúrì inú ìtọ̀, àyẹ̀wò bóyá púrótéènì ń bá ìtọ̀ jáde, àti creatinine fún kíndìnrín. Kó sọ fún wọn pé òun ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n lè yẹ ọmọ náà wò.

Alápòpọ̀_Èbúté_Mẹ́ta:

Ní ti "organic" yẹn: inú ilẹ̀ ni òjé ti ń wá, òun ló sì kún inú tìróò tí wọ́n ń lé sójú ọmọ. Ní Boston, ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń lé tìróò tó ti Nàìjíríà wá fún. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ náà wá láti ara igi, àmọ́ tí oòrùn bá bá a lára awọ, ó lè bó o bí omi gbígbóná. Omi aloe vera tí wọ́n fún sínú òrí láìfi ohun tó ń pa kòkòrò sí i á bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú lè má sì rí i. Òrí lásán tàbí àdín lásán kò nílò ohun tó ń pa kòkòrò, nítorí kò sí omi níbẹ̀. Ẹ má ṣáà ti ọwọ́ tútù bọ̀ ọ́.

Apòògùn_Yábà:

Àfikún méjì péré, àǹtí. Nọ́ńbà NAFDAC: ẹ fi wá a nínú Greenbook wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ tó jáde àti orúkọ ilé iṣẹ́ bá ti ara ike mu. Àwọn kan máa ń ya nọ́ńbà ọjà ẹlòmíràn lò.

Tí oníbàárà bá fẹ́ dán ìpara tuntun wò, kó fi díẹ̀ pa ojú kan tó tó owó ẹyọ ní inú apá lẹ́bàá ìgúnpá, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 7 sí 10. Tí kò bá yún, tí kò pọ́n, kó máa lò ó. Ọ̀nà yìí ò wúlò fún ike kejì yẹn. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ń pa yíyún àti pípọ́n mọ́lẹ̀, nítorí náà ìpara tó burú jù níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tí apá máa gbà láìjanpata.