Ẹja ti gbé ìwọ̀ yín, kí ló kàn? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Bàbá Ìbejì, Apẹ́tẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tá a jọ ń ju ìwọ̀ sómi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ létí omi Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ní Sátidé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń lo ọ̀pá ìwọ̀ òyìnbó, èyí tó ní ohun tí wọ́n fi ń ká okùn, fa epìyà kan jáde. Ẹja ọ̀hún fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. A ti ń kí i kú oríire. Bó ṣe fẹ́ yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde lẹ́nu ẹja náà, wẹ́wẹ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àfi bí ọkà bàbà. Ẹyin ni! Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó yọ ìwọ̀, ó sì jẹ́ kí ẹja máa lọ.

Ariwo ta. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ nítòsí ní, "Ọlọ́run fún ọ lọ́bẹ̀, o dà á nù!" Bàbá kan tiẹ̀ bi í tọkàntọkàn bóyá wọ́n ní kó fi rúbọ ni. Ọmọ náà kàn ń rẹ́rìn-ín ni tirẹ̀.

Èmi ò rí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú irú epìyà tó wà lómi wa, ẹnu ni ìyá fi ń tọ́jú ẹyin. Bí ẹyin náà bá pa tán, ẹnu yẹn náà lọmọ ń sá padà sí tí ewu bá dé. Irú kan wà tó jẹ́ pé akọ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá tó bá ní ẹyin lẹ́nu kì í sábà jẹun, ṣùgbọ́n ìwọ̀ a máa mú un nígbà mìíràn. Ẹyin tó dà sílẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn, àmọ́ ìyá á tún yé òmíràn.

Ẹ sọ tiyín. Ẹ má wàásù o, ohun tójú yín rí lẹ sọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Bódìjà

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò ju ìwọ̀ rí, ọkọ mi ló ń lọ, èmi ni mò ń gba ẹja lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹja títà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ibi ìdáná. Èmi ò bá ẹni tó dá ẹja padà jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e bọ̀ wálé ni mo ní ẹjọ́ bá rò! Ẹja tẹ́ ẹ fi okùn gún létí, tẹ́ ẹ so mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà láti Ìdó, oòrùn ti sè é kó tó dé Bódìjà. Ẹ ṣí etí rẹ̀ wò. Inú etí ẹja tó ṣì dáa máa ń pupa, èyí tẹ́ ẹ gbé wá ti ṣú, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ẹ fi ìka tẹ ẹran ara rẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní padà sípò. Ẹ wá ní kí ìyàwó fi se ọbẹ̀.

Àrọ̀ kò rí bí epìyà. Epìyà kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lómi. Ní ti àrọ̀, ohun kan wà lápá òkè etí rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú báàgì fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí yóò máa jìyà. Àwọn kan á tún wá da iyọ̀ lé e láàyè, kí ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ lè bọ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń yí gbiri nínú abọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Igi tó wúwo ni kẹ́ ẹ fi gbá a lórí, lẹ́yìn ojú díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tó le. Ó parí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gé e lábẹ́ etí kí ẹ̀jẹ̀ ro dànù, ẹran rẹ̀ á funfun, á sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìgbà yẹn ni iyọ̀ tàbí eérú tó lè kàn án.

Tẹ́ ẹ bá ń la ikùn, ẹ fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú ọ̀bẹ, nítorí òróòro. Tó bá bẹ́, ọbẹ̀ á korò, kò sí ata tó lè bò ó.

Ọkọ mi ti mọ̀ báyìí. Ẹja tí wọn ò bá pa dáadáa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa sè é.

Alàgbà, Mọ́níyà

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ìjọ tí mò ń lọ kì í jẹ ẹja tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́, bó ṣe wà nínú Léfítíkù orí kọkànlá. Ìyẹn ni pé àrọ̀ ò sí fún wa, ọ̀bọ̀kún náà ò sí. Ìwọ̀ kò sì mọ Léfítíkù, ẹni tó bá dé ló ń gbé. Nítorí náà ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá ẹja padà, kì í ṣe pé mo rí i lọ́wọ́ òyìnbó lórí fóònù.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Èyí tó yọ sẹ́yìn lẹ́nu ìwọ̀, tí kì í jẹ́ kó tètè bọ́ lára ẹja, mo máa ń fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ palẹ̀ láti ilé. Ẹja lè já mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀, kò burú. Mo máa ń fi omi ra ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ohun yíyọ̀ tó wà lára ẹja yẹn, òun ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn. Ọwọ́ gbígbẹ máa ń nù ún kúrò, aṣọ àti iyanrìn burú ju ìyẹn lọ. Ọwọ́ kan lábẹ́ ikùn, ọwọ́ kan lẹ́bàá ìrù. Mi ò jẹ́ ki ìka bọ̀ ọ́ létí, mi ò sì jẹ́ jù ú sómi láti òkè. Inú omi ni mo ti máa ń dì í mú jẹ́jẹ́ títí yóò fi fi agbára ara rẹ̀ já lọ. Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì dé ọ̀fun, mi ò fà á. Mo máa ń gé okùn lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ ni, kí ìwọ̀ kan ṣòfò.

Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú létí ẹja, ìyẹn ò ní yè. Aládùúgbò mi ni mo máa ń gbé e fún, Alhaji fẹ́ràn àrọ̀ gan-an ni. Ká dá irú ẹja bẹ́ẹ̀ padà ká lè sọ pé àánú ṣe wá, èmi ò rí àánú níbẹ̀.

Ọmọ Alákọ̀ọ́, Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ ni tiwa, kì í ṣe fàájì. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń da àwọ̀n nínú omi yìí. Ẹ má sì gbàgbé pé omi mímu ni, torí kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu ni wọ́n ṣe dí odò Ọ̀nà níbẹ̀ ní 1942. Bí ẹ bá la ẹja tán, kì í ṣe inú omi yìí ló yẹ kẹ́ ẹ da ìfun sí.

Ẹ ń sọ ti ẹja, ó dáa. Kí lẹ máa sọ nípa okùn? Okùn ọ̀rá tẹ́ ẹ já sílẹ̀ yẹn kì í jẹrà. Ṣẹ́ ẹ mọ ewé tó máa ń bo ojú omi níbí? Inú rẹ̀ ni mo ti rí lékeléke kan tí okùn wé mọ́ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ti jà títí ó ti rẹ̀ ẹ́, ìwọ̀ sì há sí i ní ìyẹ́ apá. Bí mo ṣe ń fi ọ̀bẹ gé okùn náà ló ń fi ẹnu sọ mí. Ìwọ̀ tó bá há sínú ewé, àwọ̀n wa ló ń fà ya. Àbúrò mi fa àwọ̀n lóru, ìwọ̀ tó ní nǹkan tó yọ sẹ́yìn lẹ́nu wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ ṣinṣin.

Kí n má parọ́, àwọn tiwa kan náà wà tí wọ́n ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì tó nǹkan. A máa ń bá wọn jà.

Bàbá Ìbejì, Apẹ́tẹ̀

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, o ò sì rí wa fín. Ike kan wà nínú àpò mi tí mò ń ká okùn tó já sí. Tí mo bá délé, màá fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí n tó dà á sí pàǹtí, kó má baà tún wé mọ́ nǹkan níbòmíràn. Mo máa sọ fún àwọn tá a jọ ń jókòó.

Ìyàwó Tíṣà, Ẹgbẹ́dà

Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé nípa ọ̀bọ̀kún o! Ẹ̀gún kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí inú bá sì ti bí i, gbogbo rẹ̀ ló máa nà sóde. Ó gún ọmọ mi, ọwọ́ wú dé ọrùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ní ká ki ọwọ́ náà bọ omi gbígbóná, èyí tí ara lè gbà, kì í ṣe èyí tó máa bó o. Ìrora náà rọlẹ̀. Wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Dẹ́rẹ́bà, Ìwó Road

Aṣèjíre ni tèmi, lórí odò Ọ̀ṣun. Ẹja ibẹ̀ dáa, wàhálà ni ọ̀nà àtibọ̀. Ẹni tó bá bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìwó Road ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ẹja nínú búùtù, ó mọ òórùn tí mò ń sọ. Omi inú ọ̀rá ni mo máa ń kó sínú fíríìsà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá dì tán, mo fi òòlù fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo tẹ́ ìdajì sí ìsàlẹ̀ kúlà, ẹja tí mo ti la ikùn rẹ̀ wọlé, ìdajì tó kù bò ó. Mo máa ń ṣí ìdí kúlà kí omi tó ń yọ́ lè máa jáde, ẹja tó bá rin sínú omi yẹn máa ń rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Tí èyí tí ilé mi lè jẹ bá ti pé, mo máa ń ká ìwọ̀. Àwọn kan ò lè dúró, wọ́n á máa fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n á wá máa bẹ èèyàn kó gba ẹja lọ́wọ́ wọn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Bódìjà

Dẹ́rẹ́bà, ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ mi! Mo ní ìbéèrè fún Ọmọ Alákọ̀ọ́ o. Ẹnì kan gbé ẹja wá fún mi pé òun ṣà á lójú omi láàárọ̀, ó pọ̀, ó sì fẹ́ tà á lówó pọ́ọ́kú. Kò sí ojú ìwọ̀ lẹ́nu ẹyọ kan, kò sí ojú àwọ̀n lára rẹ̀. Mi ò gbà á. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Ọmọ Alákọ̀ọ́, Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ṣe dáadáa, mà. Nígbà mìíràn atẹ́gùn ló dín kù nínú omi tí ẹja fi kú, pàápàá níbi tí ewé bá ti bò ó pa. Àmọ́ àwọn ìkà kan wà tí wọ́n ń da gàmàlín sómi, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú oko kòkó nígbà kan. Ńlá àti kékeré ló ń pa, ẹni tó bá jẹ ẹja náà ti jẹ oògùn mọ́ ọn. Ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ hàn yín, nítorí náà ẹ má rà á, ẹ má sì fún ajá. Ẹ̀yin ọlọ́pàá ìwọ̀, kì í ṣe agbófinró o, ẹ̀yin lẹ máa ń tètè débẹ̀ láàárọ̀: tẹ́ ẹ bá bá ẹja tó léfòó lọ́pọ̀ yanturu, ẹ má ju ìwọ̀ síbẹ̀, ẹ wá sọ fún wa níbi tá a ń so ọkọ̀ mọ́, ká lè kìlọ̀ fáwọn tó ń pọn omi.