Ṣé ìnàkí náà máa ń ní aràn nínú ni?

Ọmọ Ìsẹ̀: Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Bùrọ̀dá mi tó ń dáko kòkó lẹ́bàá igbó ọba ní Ìsẹ̀-Èkìtì ló pè mí lánàá, ó ní òun rí ìgbẹ́ ìnàkí lójú ọ̀nà oko, aràn funfun ń yí nínú ẹ̀ láàyè, ewé odidi sì wà níbẹ̀ tí kò dà rárá. Ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Kí lèyí gan-an? Ṣé ẹranko yẹn ń kú lọ ni?

Dókítà Ẹran Adó: Kò kú o. Ìnàkí ní aràn, elégbèdé náà ní in, bí ewúrẹ́ yín ṣe ní in. Èyí tó máa ń yọ ìnàkí lẹ́nu jù ni Oesophagostomum, inú ara ìfun ló ń wọ̀ tá á fi yọ kókó síbẹ̀. Ẹyin ẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde, á pa nínú ilẹ̀ tútù, ọmọ aràn á gun ewéko, ẹranko á sì jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, ìyẹn ló fi máa ń pọ̀ lásìkò òjò. Ewé odidi yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn ni! Láàárọ̀ kó tó jẹun, á já ewé tó ní irun gàn-ùn gàn-ùn lára, á fi ahọ́n ká a, á gbé e mì láìrún un, ewé yẹn á máa gba inú kọjá kíákíá, á sì gbá aràn jáde. Aspilia ni tàwọn tó wà ní Gombe àti Mahale ní Tanzania ń lò, ìbátan yúnyún tiwa. Wọ́n ti rí irú ẹ̀ ní Gashaka ní Taraba níbí náà.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ò tíì gbọ́ ti ewúro. Ní 1987, Michael Huffman, tó ń ṣèwádìí nípa ìnàkí, àti Mohamedi Seifu Kalunde, tóun fúnra ẹ̀ mọ egbòogi, tẹ̀lé abo ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Chausiku ní Mahale. Ara ẹ̀ ò yá, ó kàn ń dùbúlẹ̀ ṣáá. Ló bá ṣẹ́ igi ewúro, ó bó èèpo, ó ju ewé sí ẹ̀gbẹ́, ó ń jẹ inú ẹ̀ tó rọ̀, omi kíkorò yẹn ló ń fà mu, ó ń tu pàǹtí dànù. Ọjọ́ kejì ó ti ń jẹun. Kalunde ní àwọn ẹ̀yà Tongwe tó ń gbé lágbègbè yẹn náà ń fi ewúro wo inú rírun. Ọmọ tèmi nìyí, tí mo bá gbé omi ewúro, ìgboro Adó ló máa sá lọ 😂

Táyé Ìkẹ́rẹ́: Ta ló wá kọ́ ìnàkí? Dókítà wọn dà?

Ìyá Àdùkẹ́: Ọmọ ń wo ohun tí ìyá ń ṣe ni, àbí ta ló kọ́ ìwọ náà?

Ọmọ Ìsẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹsẹ̀ lásán làwọn ọmọ bùrọ̀dá mi fi ń rìn níbẹ̀.

Dókítà Ẹran Adó: Ìyẹn ni kẹ́ ẹ tètè mójú tó. Aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, Necator, ní igbó Dzanga-Sangha ní Central African Republic wọ́n bá a lára èèyàn àti lára elégbèdé, irú kan náà. Kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìgbẹ́ yẹn, kí ajá má lá a. Kí bùrọ̀dá yín náà gbẹ́ ṣáláńgá sóko, nítorí aràn tiwa náà lè dé ọ̀dọ̀ ìnàkí. Bí inú bá ń run ọmọ kankan, kí wọ́n gbé e lọ héńsẹ́ńtà kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ má kàn ra oògùn lọ́jà.

Ọmọ Ìsẹ̀: Mo ti pè é. Ó ní bàtà wà ńlé, àwọn ọmọ ni ò fẹ́ wọ̀ ọ́.