Lórí “afúnpo” àti “ìtọ́kọ̀ oníwáyà”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ohun tí ọ̀gá wa kọ lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá pe ẹ̀yà ara ọkọ̀, pé kí á máa pe tórótù, ìyẹn ohun tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ní “afúnpo” (ohun tó ń fúnni lépo), kí á sì máa pe sítíárìn ọkọ̀ ìgbàlódé ní “ìtọ́kọ̀ oníwáyà” (èyí tó ń fi wáyà ránṣẹ́ sí táyà). Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

Ẹ gbé “fún” yẹn yẹ̀ wò ná. Ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, bí ẹ bá pe èèyàn ní afúnpo, obìnrin tó wà ní ẹbu, tó ń fọwọ́ fún epo lára ẹyìn, ni a ó rò. “Fún” ti “fi fún” àti “fún” ti “fún aṣọ”, ohùn kan náà ni. Ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí etí yóò kọ́kọ́ mú. Èyí tó tún burú jù ni pé tórótù kì í fún ẹnikẹ́ni lépo! Afẹ́fẹ́ ló ń ṣọ́. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Bó bá ṣí, èémí á wọlé, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á wo bí èémí náà ti pọ̀ tó, kó tó sọ iye epo tí nọ́sù, ẹnu tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, máa tú.

Ọ̀fun ni nǹkan yẹn. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mi kọ̀ tí kò sáré mọ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ̀wáyà tó tú u wò fi ìka nu ẹ̀gbin dúdú kúrò lára irin yẹn, ó ní, “Bàbá, ọ̀fun ẹ̀ ló dí.” Ó parí! Ẹ wo “fun” inú ọ̀fun, ohùn àárín ni, kò bá ti ẹbu jà rárá.

“Oníwáyà” ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi tórótù wò ó, torí òun náà ń fi wáyà gba iṣẹ́ láyé òde òní. Láyé dánfó Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kébù tó ti abẹ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà lọ dé ìdí ọkọ̀, ṣé wáyà kọ́ ni? Ohun tó yí padà ni pé ẹsẹ̀ kò fa nǹkan mọ́, iṣẹ́ ló ń rán. Sẹ́ńsọ̀ méjì, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ṣọ́ bí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ tó, ló wà nídìí ibi tí à ń tẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń rojọ́ fún kọ̀ǹpútà, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá takora, iná ìkìlọ̀ á tàn, ọkọ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́. Kọ̀ǹpútà yìí sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú: nínú ọkọ̀ tó ní ìdènà yíyọ̀, bí táyà bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátá, á ṣì dín èémí kù. Fún irú tórótù bẹ́ẹ̀, “ọ̀fun ajíṣẹ́” ni mo fara mọ́.

Ti sítíárìn, irọ́ ni “oníwáyà” fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà níta. Irin ṣì so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ táyà. Sẹ́ńsọ̀ ń wo bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe lọ́ tó bí a ti ń yí i, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná mànàmáná á wá bá wa tì í. Infiniti Q50 tó jáde ní 2013 ló kọ́kọ́ gbé èyí tó ń fi wáyà ránṣẹ́ wá sọ́jà, òun náà ṣì fi irin pamọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́.

Ní ti “ìtọ́kọ̀”, mo mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì ní Jákọ́bù 3:4, fún ohun tí a fi ń darí ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi tukọ̀ lórí ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, n kò gbọ́ ìtọ́kọ̀ lẹ́nu wọn rí. Àjẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ló sì ń fi í yí i.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá pé àwa ará Ìjẹ̀bú etí omi kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ àmì ohùn, kó wá sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, kó wá bá àwọn ìyá ẹlẹ́ja sọ ọ́. Kí ọ̀gá wa náà sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ “afúnpo” tí kì í ṣe ti ẹbu.