"Ìdìmú-bọ́ọ̀lù" kọ́ ni ká pe tíkì-tákà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìdìmú-bọ́ọ̀lù" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún tíkì-tákà, ìyẹn kí ẹgbẹ́ kan máa gbá bọ́ọ̀lù síra wọn láìjẹ́ kí alátakò rí i gbà, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Lórí pápá, aṣọ́lé nìkan ló ń di bọ́ọ̀lù mú. Bí ẹlòmíì bá dì í mú, fèrè á dún. "Ìní-bọ́ọ̀lù" tí ẹnì kan fi dáhùn tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù ládùúgbò ló gbé wá sí mi lọ́kàn, èyí tó máa ń há bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí abíyá relé bí wọ́n bá ti nà án.

Ohun tí Xavi àti Iniesta, àwọn agbábọ́ọ̀lù Sípéènì, máa ń ṣe nígbà ayé wọn lórí pápá, gbígbá àti gbígbà ni. Ìwọ gbá a, èmi gbà á, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Mo wá fi ojú "yọ-mí-n-yọ-ọ́" wò ó, mo ní ká pè é ní "gbá-n-gbà". (Ẹ má gbàgbé àmì ohùn o! Ẹni tó bá kọ ọ́ lásán, "gbangba" la ó kà.)

Orúkọ náà ṣeé fi yin irú bọ́ọ̀lù yìí, ó sì ṣeé fi bú u. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2010, láti ìgbà tí ìdíje ti di ẹni tó bá fìdí rẹmi kó máa lọ sílé, 1-0 ni Sípéènì fi na Potogí, Paraguay, Jámánì àti Netherlands. Ẹni tí kò rí bọ́ọ̀lù gbà, kí ló fẹ́ gbá sáwọ̀n? Á kàn máa sáré lé e títí ẹsẹ̀ á fi wúwo. Ìṣẹ́jú 116 ni góòlù Iniesta wọlé nínú àṣekágbá, Netherlands sì ti ku ẹni mẹ́wàá nígbà náà.

Àmọ́ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018, nígbà tí Sípéènì pàdé Rọ́ṣíà ní Moscow, páàsì lé ní 1,000, góòlù kan ṣoṣo ni Sípéènì rí, ọmọ Rọ́ṣíà ló sì gbá ìyẹn sínú àwọ̀n ara wọn! Bọ́ọ̀lù lọ sọ́tùn-ún, ó padà sósì, àwọn Rọ́ṣíà kóra jọ síwájú ilé, wọn ò mira. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n ta, pẹnáritì ló wá lé Sípéènì lọ, 4-3. Guardiola fúnra rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n fi tíkì-tákà mọ̀ ní Barcelona, sọ pé òun kórìíra páàsì tí kò nídìí. Irú ìyẹn ni mo fẹ́ pè ní "gbá-n-gbà òfo".

Ó ku orúkọ tí a ó fún ohun tí Chelsea fi Barcelona ṣe ní Camp Nou lọ́dún 2012: wọ́n ku mẹ́wàá, wọ́n fara pamọ́ síwájú ilé, Torres sì dá sáré lọ gbá ìkejì wọlé. "Àlúgọ" ló wà lẹ́nu mi. Ẹ bá mi wò ó.